Ọdún Tí Òrìṣà Fúyẹ́

Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo fẹ́ pa, mi ò ní pa èyí tí gbogbo ọkùnrin abúlé kan lè já. Àwọn tó gbé òrìṣà Hosogama lọ́dún náà ṣì wà láàyè. Ẹ lọ bi wọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Tó bá yá, ẹ ó rí i tí ọwọ́ wọn á lọ síbi èjìká, tí ẹ̀rín á sì dáwọ́ dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú nínú ọ̀rọ̀ náà, òun kò sì sí lára àwọn tó gbé e.

Abúlé amọ̀kòkò ni Hosogama. Níbẹ̀, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé òrìṣà kì í gbé inú ojúbọ láti ọdún dé ọdún. Kí ló fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Ojúbọ tutù. Inú ìléru tí wọ́n fi ń sun ìkòkò ló ń gbé, níbi tí iná wà. Tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, tí wọ́n ti kórè ìrẹsì, wọ́n á jẹ́ kí gbogbo ìléru kú, òrìṣà á jáde, á lọ jókòó sínú mikoshi, ilé kékeré aláwọ̀ wúrà tí àwọn ọkùnrin máa ń gbé léjìká. Wọ́n á gbé e yí abúlé ká, wọ́n á sì gbé e gun àtẹ̀gùn lọ sí ojúbọ kó lè jẹ ìrẹsì tuntun.

Ṣùgbọ́n òrìṣà kì í ṣe ohun tí à ń lé jáde bí adìyẹ. Àgbà kan ní láti lọ pè é. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún, àgbà yìí á yí gbogbo ìléru ká, á fi àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tutù, á sọ fún un pé, "Ẹ jáde o. Ìrẹsì tuntun ti dé." Á wá kọjá sí òmíràn.

Genpachi ló ń ṣe é láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Shigeki, ọmọ ọmọ rẹ̀, géńdé tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ló ń pọ̀n ọ́n lọ wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Ẹ dì mí mú, Bàbá àgbà. A ti ń lọ." Bàbá á sì gbé gbogbo ara rẹ̀ lé èjìká òsì ọmọ náà, nítorí ìbàdí tó ń dùn ún.

"Bàbá àgbà, mo ní èjìká ọ̀tún náà o."

"Ọ̀tún rẹ le bí orí rẹ. Òsì ló rọ̀."

Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, Bàbá rán Fusae, opó ọmọ rẹ̀, ìyá Shigeki, pé kó lọ fọwọ́ kan ìléru dípò òun. Àwọn kan kùn pé obìnrin kì í pe òrìṣà. Genpachi dá wọn lóhùn láti orí ẹní: "Ọwọ́ tó ń mọ ìkòkò ni. Kí ló tún kù?"

Fusae lọ. Ọ̀dọ̀ Masuyo, aládùúgbò rẹ̀, ló fi parí ìléru àwọn ilé yòókù.

"Ìléru mi ni o, kì í ṣe orí ọmọ tí ibà ń ṣe," Masuyo wí. "Tẹ ọwọ́ mọ́ ọn dáadáa."

"Ó tutù."

"Kí ni kò ní jẹ́ kó tutù? Àwọn ọmọ mi ti sá lọ ta fóònù ní ìgboro. Ó ku èmi àti egungun ẹ̀yìn mi."

Fusae tẹ orí ba. "Ẹ jáde o. Ìrẹsì tuntun ti dé."

"Ààrò búrẹ́dì yín ńkọ́?" Masuyo bi í. "O ò ní pe ìyẹn náà jáde?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Fusae kò pẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ti ààrò búrẹ́dì yìí. Yasuji, ọkọ Fusae, ló ra ìléru oníná mànàmáná kan nígbà ayé rẹ̀. Àpótí irin ni, kò ju àpótí aṣọ lọ. Kò ní èéfín, kì í jẹ igi. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ lọ sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Genpachi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. "Ààrò búrẹ́dì rèé," ló wí. "Tó o bá yan án tán, fi tèmi ránṣẹ́." Gbogbo abúlé gbọ́, gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kò tẹsẹ̀ bọ yàrá ìkẹ́rù tí àpótí náà wà. Tó bá ń fọwọ́ kan ìléru lọ́dọọdún, á kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn bí ẹni pé ògiri ni. Yasuji kò fèsì. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àìsàn àyà ló pa á, nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ kò tíì parí ìjà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pè ní ìjà.

Lọ́jọ́ tí Fusae ń fọwọ́ kan ìléru àwọn ará abúlé, ife kan wà nínú ààrò búrẹ́dì náà, iná sì wà lórí rẹ̀.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ burú. Dókítà ló pè é sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó sọ fún un pé ọkàn Bàbá ti rẹ̀, pé kó má retí pé yóò rí òjò dídì ọdún yìí. Ohun kan ṣoṣo ni Genpachi sì ń fẹ́ láyé mọ́. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ife kan jáde nínú ìléru rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó wà lábẹ́ omi. Ó gbé e sókè kó lè rí i dáadáa, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi po eérú pọ̀ mọ́ omi, tó fi ń kun ife, tó ń sun ún, àwọ̀ náà kò padà wá mọ́. "Tí mo bá fi irú ife yẹn mu ọtí ọdún lẹ́ẹ̀kan," á máa wí, "kí wọ́n máa gbé mi lọ."

Fusae fẹ́ràn bàbá yìí. Kò sí ẹlòmíràn tó kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ìjì wó igi eléso kaki àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sun ún, ó gba eérú rẹ̀, ó ń dán an wò nínú ààrò búrẹ́dì. Ó bàjẹ́, ó bàjẹ́, títí àfọ́kù kékeré kan fi jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé ní etí rẹ̀. Ó wá kun ife tó dára jù lọ, ó tì í bọ iná. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé iná á ti kú kí ọjọ́ ìfọwọ́kàn tó mọ́. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ lóru, wọ́n mú iná lọ, wọ́n dá a padà, àpótí náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà ló ṣe dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù nígbà tó dé láti ilé Masuyo. Ó gbọ́ bí àpótí náà ṣe ń kùn. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìléru ni, Bàbá ì bá ti máa fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ yìí wá. Bàbá ló ní kì í ṣe ìléru. Ta ni òun tí yóò já Bàbá nírọ́?

Ó lọ sí ojúbọ. Àlùfáà bi í, "Ṣé gbogbo rẹ̀ ti tutù?"

"Gbogbo rẹ̀ ti tutù," Fusae dáhùn.

Ojú ọjọ́ dára lọ́jọ́ ọdún. Ewé ti pọ́n lórí òkè. Ní kùtùkùtù, Fusae wọ yàrá ìkẹ́rù láti wò bóyá àpótí náà ti ń tutù. Nọ́ńbà pupa tó ń sọ bí iná ṣe gbóná tó ṣì wà lókè téńté. Ó ní kò burú, òjò ló fà á. Ó pa bọ́tìnnì. Ó lọ se ìrẹsì alẹ́wà pupa fún àwọn àlejò. Nígbà tó padà, nọ́ńbà náà kò yẹ̀. Ó yọ pulọ́ọ̀gì lára ògiri. Ó dúró pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́.

Nọ́ńbà náà kò kú.

Kò sí kíkùn mọ́. Yàrá náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n eruku tó wà lórí àpótí náà ń gbọ̀n. Fusae fi ọwọ́ kan irin rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Kò gbóná bí ìléru, kò sì tutù bí irin. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara ènìyàn tó ń sùn. Ó yọ ọwọ́ kíá, ó sì jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ pọ̀ nílé ìdáná. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á bojú tó o tí ọdún bá parí.

Nínú ọgbà ojúbọ, àwọn ọkùnrin ti wọ aṣọ ọdún, wọ́n ti fi ẹnu kan ọtí, wọ́n sì ti bọ́ sábẹ́ ọ̀pá. Mikoshi Hosogama wúwo. Ẹni tó bá gbé e lónìí kì í lè ya irun orí ara rẹ̀ lọ́la. Muneyoshi, olórí wọn, gbá igi méjì mọ́ra: kọ́ù! Wọ́n fi gbogbo agbára dìde.

Mikoshi fò sókè. Díẹ̀ ló kù kó já bọ́ síwájú. Gbogbo agogo kéékèèké tó wà lára rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló ń jù ú sókè bẹ́ẹ̀?" Muneyoshi pariwo. "Ẹ rọra, ẹ̀yin wèrè wọ̀nyí!"

"A ò jù ú, Ẹ̀gbọ́n," ẹnì kan dáhùn lábẹ́ ọ̀pá. "A kàn dìde ni."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn kan ní agbára ìrẹsì tuntun ni. Àwọn kan ní Muneyoshi ti darúgbó, pé kò mọ ohun tí ọ̀dọ́ lè gbé mọ́. Wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n, wọ́n ń pariwo, "Wasshoi! Wasshoi!" wọ́n ń fi òrìṣà ṣeré lórí ọwọ́ bí ẹni ń ju ọmọ sókè. Shigeki nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ló wà, lápá òsì, níbi tí ẹrù máa ń wúwo sí jù.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé Genpachi. Wọ́n ti gbé Bàbá síta, wọ́n fi aṣọ òtútù wé e lẹ́sẹ̀. Shigeki sáré wá gba omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ó fúyẹ́."

"Ẹ̀yin ni ẹ lágbára."

"Rárá. Ó fúyẹ́ bí agbọ̀n tí wọ́n ti kó èso inú rẹ̀ tán." Ó nu ẹnu. "Mi ò fẹ́ràn rẹ̀."

Ó padà sábẹ́ ọ̀pá, wọ́n sì gbéra. Genpachi kò wo mikoshi. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ẹsẹ̀ náà ń dún péú-péú lórí ilẹ̀, bí ẹsẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Nígbà tí wọ́n kọjá igun ọ̀nà, Bàbá sọ̀rọ̀.

"Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀."

Fusae ń kó ife. Kò gbójú sókè.

"Ìléru wo ni o kò fọwọ́ kàn?"

"Mo fọwọ́ kan gbogbo ìléru, Bàbá."

"Fusae."

Ó gbé ife sílẹ̀. "Ààrò búrẹ́dì," ló wí. "Mo ní kí ẹ rí àwọ̀ yín kí ẹ tó... Mo yọ wáyà rẹ̀ láàárọ̀, Bàbá. Kò kú."

Genpachi kò bínú. Ì bá dára tó bá bínú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Nígbà tí mo kéré," ló wí, "àwọn ará ilé Suga kò jẹ́ kí ìléru wọn kú lọ́dún kan. Mikoshi wọlé ní òfo. Ọ̀dọ̀ wọn ni òrìṣà wà títí òjò fi dé."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

"Ìwọ mọ ilé Suga?"

"Rárá."

"Hẹn-ẹ́n." Bàbá na ọwọ́ sí i. "Gbé mi dé ibẹ̀."

Kò sí géńdé nílé. Bárò tí wọ́n fi ń kó amọ̀ ni Fusae fi gbé e, ó tẹ́ tìmùtìmù sínú rẹ̀. "Tí Masuyo bá rí mi báyìí, mo gbé," Bàbá wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù. Ó ṣókùnkùn níbẹ̀. Nọ́ńbà pupa náà ló tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn lójú.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Genpachi máa wo ìléru ọmọ rẹ̀ dáadáa. Lórí rẹ̀, àwo kékeré kan wà tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sórí ìléru gidi kí wọ́n tó dá iná sí i. Ó mọ ọwọ́ tó mọ àwo náà.

"Yasuji ló ń gbé iyọ̀ fún un?"

"Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ tàn án. Èmi náà ń gbé e."

Eruku ń gbọ̀n lórí irin. Láti ọ̀nà jíjìn wọ́n ń gbọ́, wasshoi, wasshoi.

"Ìléru ni nígbà náà," ló wí. "Ọmọ mi sọ fún mi pé ìléru ni. Mi ò gbọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Ẹ dúró, Bàbá!" Fusae di ọwọ́ náà mú. "Shigeki wà lábẹ́ ọ̀pá. Ẹ̀yìn ló wà. Tí ẹ bá pè é jáde nísinsìnyí, tó wọ inú rẹ̀ lójijì níbi tí wọ́n ti ń fi ṣeré..."

Bàbá rò ó. Ó mọ ìwúwo yẹn. Ó ti gbé e rí.

"Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n máa ń gbé e lé orí àga igi, kí wọ́n sinmi, kí àlùfáà gbàdúrà. Sáré. Rí i pé wọ́n gbé e kalẹ̀ níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ariwo wọn láti ibí. Tí ariwo bá ti dákẹ́, mo mọ̀ pé ó ti wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni n ó pè é."

"Ọwọ́ yín á jóná."

"Ọwọ́ tó fọ́ ife ni. Máa lọ."

Fusae sáré. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, pẹ̀lú bàtà igi, tó wá bọ́ bàtà sọ nù lọ́nà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ti tan fìtílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: kí ó bá wọn nísàlẹ̀. Ó dé ibẹ̀. Ó rí àga igi náà. Òfo ni.

Kí ni ẹni tí nǹkan kan kò wúwo fún fẹ́ fi ìsinmi ṣe? Wọ́n ti kọjá. Wọ́n ti wà ní agbedeméjì àtẹ̀gùn, níbi tí òkúta ti dúró ṣánṣán bí ògiri, wọ́n ń sáré gòkè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mikoshi ń jó lórí wọn. Shigeki wà lẹ́yìn, níbi tó relẹ̀ jù lábẹ́ ọ̀pá.

"Ẹ dúró!" Fusae ké. Kò mọ̀ pé òun ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. "Ẹ dúró! Shigeki, jáde lábẹ́ rẹ̀!"

Gbogbo wọn dúró. Orí yí padà. Ariwo dákẹ́.

"Màmá," Shigeki wí láti òkè, "ẹ má dójú tì mí."

Ìdákẹ́jẹ́ náà gba gbogbo òkè. Agogo kò dún. Atẹ́gùn kò fẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohun tí Fusae ṣe yé e. Ó rí bàbá arúgbó kan lọ́kàn rẹ̀, tó jókòó sínú bárò nínú òkùnkùn, tó na etí, tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Wasshoi!" ó pariwo. Òun nìkan. "Wasshoi! Ẹ pariwo, mo bẹ̀ yín, ẹ pariwo!"

Wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ti ya wèrè. Iná inú àwọn fìtílà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tẹ̀ sí apá kan, gbogbo rẹ̀, sí ọ̀dọ̀ mikoshi. Ọ̀pá ké. Àwọn ọkùnrin náà sì wọlẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́. Orúnkún wọn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan pe ìyá rẹ̀. Mikoshi sún sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ sì wá sórí Shigeki. Fusae gbọ́ nǹkan kan tó dá nínú ara ọmọ rẹ̀, ó dún bí igi gbígbẹ. Kò mọ bí òun ṣe gun àtẹ̀gùn. Ohun tó mọ̀ ni pé òun wà lábẹ́ ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé èjìká òun wà níbẹ̀, pé ojú Shigeki funfun bí amọ̀ tí kò tíì rí iná.

"Ẹ má jù ú sílẹ̀," ọmọ náà wí láàárín eyín.

"Mi ò jù ú sílẹ̀."

Igi Muneyoshi dún. Kọ́ù. "Wasshoi!" ó bú sẹ́kún bó ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan. Wọ́n gbé òmíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé òrìṣà Hosogama dé ojúbọ, kò sì sí ẹni tó ṣàwàdà lójú ọ̀nà mọ́.

Egungun èjìká òsì Shigeki ló kán. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Fusae sáré padà sílé.

Yàrá ìkẹ́rù ṣókùnkùn. Nọ́ńbà pupa ti kú. Ó tan iná. Genpachi jókòó sínú bárò bó ṣe fi í sílẹ̀, orí rẹ̀ fara ti ìléru ọmọ rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin. Ó ti kú. Fusae gbé ọwọ́ náà kúrò, ó yí i padà. Kò jóná. Kò pọ́n pàápàá. Ó fọwọ́ kan irin: ó tutù bí irin tí wọn ò tàn láti oṣù mélòó kan.

Ilẹ̀kùn ìléru náà ṣí sílẹ̀. Ife náà wà lórí itan Bàbá.

Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé tó wà lábẹ́ omi. Fusae gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọtí díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìkán tó kù tí ènìyàn bá mutí tán. Ó lọ sí ilé ìdáná lọ wo ìgò ọtí ọdún. Ìgò náà wà lórí pẹpẹ. Wọn ò tíì já ìdérí rẹ̀.

Wọ́n sin Bàbá. Fusae sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Masuyo, Masuyo sì sọ fún gbogbo abúlé, kò sì sí ẹni tó pe àpótí yẹn ní ààrò búrẹ́dì mọ́. Fusae gbé ife náà sórí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀.

Nígbà tí ìgbà ìwọ́wé tún dé, òun ló tún yí ìléru ká. Yàrá ìkẹ́rù ló fi parí. Masuyo tẹ̀ lé e wọlé, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pa ẹnu mọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Fusae fi àtẹ́lẹwọ́ lé irin. Ó tutù. "Ẹ jáde o," ló wí. "Ìrẹsì tuntun ti dé."

Egungun Shigeki ti jinná. Ó bọ́ sábẹ́ ọ̀pá, ẹ̀yìn náà ló tún wà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí apá ọ̀tún ló yàn, kó má baà ni òsì lára. Wọ́n dìde. Mikoshi wúwo. Àwọn ọkùnrin kérora, inú gbogbo abúlé sì dùn láti gbọ́ ìkérora náà. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé Fusae, wọ́n gbé e lé àga igi kan, Fusae bu ọtí fún wọn. Shigeki wá bá a. Kò gba ife.

"Ṣé ó wúwo?" Fusae bi í.

"Ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Díẹ̀."

"Ọdún kan lo fi sinmi. Ara rẹ ló ti lẹ."

"Màmá, èjìká ọ̀tún ni mo fi sábẹ́ ọ̀pá." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká òsì rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. "Ibí ló wúwo sí. Kò sí ọ̀pá níbí. Kò sí nǹkan kan níbí."

Fusae wò ó.

"Mo mọ ìwúwo yìí," Shigeki wí jẹ́jẹ́. "Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbé e lọ wẹ̀."

Muneyoshi pè wọ́n. Shigeki padà sí ipò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ariwo pọ̀, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ṣùgbọ́n Fusae dúró nítòsí, ó sì gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ lábẹ́ ọ̀pá kí igi tó dún.

"Ẹ dì mí mú, Bàbá àgbà. A ti ń lọ."